Ẹgba kì í wo bárakú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé orí ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Àbúrò mi ló wá sí mi lọ́kàn. Gáréèjì ní Ṣágámù níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo tramadol, kó lè wakọ̀ mọ́jú. Nígbà tí apá wa ò ká a mọ́, ilé àdúrà kan la gbé e lọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nà án, wọ́n ní àwọn ń lé ẹ̀mí èṣù. Àpá irin ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá wa ló sanwó ìyẹn. Kò mọ ibòmíì tó lè gbé ọmọ lọ.

Ẹ̀rọ yìí kò la orí ẹnikẹ́ni. Wáyà tí wọ́n ká ni wọ́n ń gbé sí ẹ̀bá agbárí. Bí iná bá ti gba inú rẹ̀ kọjá, agbára òòfà á wọ ọpọlọ, á ta apá tí a fi ń kó ara wa níjàánu jí. Lọ́dún 2020 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá. Àmuṣìgá 262 ni wọ́n fi dán an wò: nínú ọgọ́rùn-ún tó gba ìtọ́jú gidi, bí 19 ló jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n gbé ayédèrú lé lórí láti fi wéra, bí 9. Mo yọ̀ sí i, àmọ́ sìgá nìyẹn. Tramadol máa ń fa gìrì, ẹ̀rọ náà sì lè fà á, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ẹnì kan bá gbé irú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọmọ yín lọ.

Ọpọlọ ni wọ́n ń tọ́jú. Mo fẹ́ kí àwọn wòlíì àti àfáà wa gbọ́ ìyẹn.

Ojoojúmọ́ iṣẹ́ ni wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Láti Rẹ́mọ sí ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Arò l'Ábẹ́òkúta lójoojúmọ́, ta ló lówó ọkọ̀ rẹ̀? Kí ìjọba Ògùn kọ́kọ́ fi nọ́ọ̀sì àti olùdámọ̀ràn tó mọ̀ nípa bárakú sí ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí wa. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wa tẹ orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tó ń gba irú àbúrò mi jáde, kí ìyá mìíràn lè rí i kà kó tó sanwó irin.

Òǹkàwé yín,
Mákùn, Ṣágámù