Títọ̀ Sílé Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹgba

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn òbí àti àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tí a ń pè ní atọ̀ọ́lé. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹgba ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi wò ó. Níbòmíràn, wọ́n á ní kí ọmọ ru ẹní rẹ̀ káàkiri àdúgbò, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa kọrin tẹ̀lé e.

Ọpọlọ ni ó ń mú ìtọ̀ dúró lóru, kì í ṣe ìwà ọmọ. Ìkókó a máa tọ̀ nígbàkígbà tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ bá ti kún, nítorí pé ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni ó ń darí rẹ̀ láìbi ọmọ náà léèrè. Bí ó ti ń dàgbà ni iwájú ọpọlọ ń gba àkóso yìí díẹ̀díẹ̀. Ti ojú ọ̀sán ni ó ń kọ́kọ́ ṣeé ṣe. Ti òru a máa pẹ́, nítorí pé ọpọlọ tí ó ń sùn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àpò ìtọ̀ ti kún, kí ó sì jí ọmọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣòro láti jí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí. Hòmóònù kan tún wà tí ó ń jẹ́ vasopressin, tí ọpọlọ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí kíndìnrín lè dín ìtọ̀ kù lóru. Lára àwọn ọmọ kan, kò tíì pọ̀ tó. Àpò ìtọ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà kì í sì í gbà ju nǹkan bíi 210 mílílítà lọ, èyí tí kò tó ìdajì omi inú ọ̀rá piọ́wọ́tà kan.

Nítorí náà, nǹkan bí ọmọ 15 nínú 100 tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ni ó ṣì ń tọ̀ sílé. Lọ́dọọdún, bí 15 nínú 100 àwọn tí ó ń ṣe é ni ó ń jáwọ́ láìlo oògùn kankan. Ó sì máa ń ti inú ìdílé wá: bí bàbá àti ìyá bá ti ṣe é rí ní kékeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ wọn tí yóò ṣe é. Ì bá dára kí bàbá tí ó bá mú pàṣán kọ́kọ́ lọ bi ìyá tirẹ̀ léèrè.

Ọ̀rọ̀ omi gan-an ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Òbí tí kò na ọmọ a máa fi omi dù ú láti ìrọ̀lẹ́, nígbà mìíràn láti ọ̀sán pàápàá. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, ìyẹn àwọn tí ó ní àrùn sickle cell, wà láàárín wa lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ni wọ́n sì ń tọ̀ sílé ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, nítorí pé àrùn náà ti ba agbára kíndìnrín wọn jẹ́ láti dá omi padà sínú ara, tí ìtọ̀ wọn fi ń pọ̀, tí ó sì ń ṣàn bí omi. Bí a bá fi omi du irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ki, ìrora inú egungun sì lè bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí òbí tó gbé ife omi kúrò lọ́wọ́ ọmọ tí ó ń tọ̀ sílé, ẹ jẹ́ kí ó mọ irú ẹ̀jẹ̀ (genotype) tí ọmọ náà ní. Ní ti ọmọ tí kò ní àrùn yìí, kí ó mu omi dáadáa lójú ọ̀sán, kí ó dín in kù ní bíi wákàtí méjì kí ó tó sùn, kí ó sì tọ̀ kí ó tó dùbúlẹ̀.

Ọmọ tí ó ti dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́fà, tí ó tún wá bẹ̀rẹ̀, ti dókítà ni, pàápàá bí ó bá ń mu omi púpọ̀ tí ó sì ń rù, nítorí àtọ̀gbẹ lè wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ tí ó le tàbí ìbẹ̀rù nínú ilé náà lè fà á. Fún àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀, aago kan wà tí ó ń dún bí ìtọ̀ bá ti kan aṣọ, tí ó ń kọ́ ọpọlọ láti jí. Oògùn desmopressin náà wà, ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bọ́dìn, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí òbí lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mátírọ́ọ̀nù ní ìkọ̀kọ̀ ní ọjọ́ tí ọmọ bá wọlé, kí ẹ fún ọmọ náà ní ibùsùn ìsàlẹ̀ àti aṣọ ìtẹ́bùsùn méjì, kí ó sì lè fọ aṣọ rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta