Ẹ má fi ọ̀run àpáàdì na ọlọ́fọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òǹkàwé kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹni tí kò bá gbà pé oró ọ̀run àpáàdì kì í tán, kì í ṣe Kristẹni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi dìde, nítorí ohun tí mo rí ní àìsùn òkú kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀dọ́ ni ẹni tó kú. Zémíjàn, ọ̀kadà akérò, ló ń gùn, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbá a lójú ọ̀nà Ouando. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sí ìsìn. Ìyá rẹ̀ ni kì í pa á jẹ. Oníwàásù tí wọ́n pè wá láti ibòmíràn dìde, ó ní bí a ti jókòó yìí, ọmọ náà ń jóná lọ́wọ́, àti pé bó bá jó fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ọdún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Bí oníwàásù yẹn ṣe sọ ọ́, èèyàn á rò pé gbogbo ìjọ ti fẹnu kò lé e lórí láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì. Wọn kò fẹnu kò. Ní ọ̀rúndún kẹta, Origen ará Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ń retí pé nígbẹ̀yìn, Ọlọ́run yóò dá gbogbo ẹ̀dá padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní ọdún 543, Justinian, ọba Róòmù, fi ẹni tó bá ní ìyà náà yóò dópin gégùn-ún. Síbẹ̀, Gregory ará Nyssa, bíṣọ́ọ̀bù kan ní ọ̀rúndún kẹrin, ti sọ ohun tó jọ ti Origen, ẹni mímọ́ ni ìjọ ṣì ń pè é títí dòní.

Ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ló fún ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn tó ní oró náà kì í tán, lágbára jù: Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjéríà lónìí. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni Jésù lò fún ìyà àti fún ìyè nínú Mátíù 25:46, “àìnípẹ̀kun”. Bí ìyà bá lópin, ìyè náà á lópin. Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò ní í purọ́. Àwọn tó ní ìyà náà kì í ṣe oró tí kì í tán, pé ìparun pátápátá ni, irú àwọn ìjọ Adventist, máa ń dá a lóhùn pé Júúdà 7 ní Sódómù jìyà iná àìnípẹ̀kun, bẹ́ẹ̀ Sódómù kò jóná lọ́wọ́ lónìí. Ní 1988, John Stott, àlùfáà Áńgílíkà tí kò sẹ́ni tó lè pè é ní aláìgbàgbọ́, kọ̀wé pé ìhà ìparun yìí lọ́kàn òun ń tẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń lò fún un ńkọ́? Gẹ̀hẹ́nà ló wà lẹ́nu Jésù, orúkọ àfonífojì Hínómù lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù, níbi tí wọ́n ti ń sun ọmọ wọn níná láyé Jeremáyà. Nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther ṣáájú àwọn tó túmọ̀ rẹ̀, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ọ̀run àpáàdì la kà. Amọ̀kòkò ni ìyá ìyá mi ní Kétu. Bí ìkòkò bá fọ́ nínú iná, á ní “ó ti di àpáàdì”, a ó sì kó o dà sẹ́yìn ilé. Amọ̀ tútù ṣeé tún pò. Àpáàdì kò ṣeé tún mọ. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀run àpáàdì ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi, ohun tó bàjẹ́ tí kò ní í padà bọ̀ sípò ni mo rò, n kò ro ti ẹni tí wọ́n ń sun lọ́sàn-án lóru. Àmọ́ kí wọ́n má baà ní mò ń ṣa èyí tó wù mí: àpáàdì náà la fi ń fọn iná láti ilé dé ilé nígbà náà. Ẹ̀yinná á máa jó lójú rẹ̀, òun kò sì ní í jóná. Ẹni tó ní oró náà kì í tán lè di ìyẹn mú.

Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí. Mátíù 10:28 ló mú mi tẹ̀ sí ìparun: Ọlọ́run lè pa ara àti ọkàn run ní ọ̀run àpáàdì. Ohun tó ti run, kí ló kù tí yóò máa joró? Ìfihàn 20:10, “tọ̀sán tòru láé àti láéláé”, ṣì ń dà mí láàmú, n kò sì tíì rí àlàyé rẹ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Kí òǹkàwé yín bá wa ṣàlàyé ẹsẹ méjèèjì pọ̀, kó tó yọ wá kúrò nínú ìjọ.

Ìjọ Kátólíìkì pàápàá, tó dúró lórí pé ìyà náà kò lópin, ti kéde ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n kò tíì pe orúkọ ẹnì kan ṣoṣo rí pé ó wà nínú iná. Ta ló wá fún oníwàásù wa ní ìwé orúkọ?

Ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, ìyá ọmọ náà wá bá mi nílé. Ó ní, “Tíṣà, ṣé òótọ́ ni?” Mo ní n kò mọ̀. Ó wò mí títí, ó ní, “Báwo wá ni ẹni yẹn ṣe mọ̀?”

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Àjàṣẹ́.