Àdáfọn sasofóònù kì í ṣe àṣehàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Ohun tí ó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún, pé nínú orin jáàsì, tí ó bá ti kan ẹni tí ó mú fèrè sasofóònù lọ́wọ́ láti dá fọn, kí ó máa fi ohùn tirẹ̀ hun orin náà, orin ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí pé yóò pa orin tì, yóò sì máa ṣe àṣehàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé àdáfọn yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo orin.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Coleman Hawkins, tí ó ń fọn sasofóònù, ṣe ní New York ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1939. Body and Soul ni ó fọn, orin ìfẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ kí ó tó kàn án. Ó rọra tẹ̀ lé ohùn orin náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yà kúrò, kò sì fọn ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ mọ́ títí àwo fi parí. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò ní ó ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí dùùrù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, a óò rí i pé gbogbo ibi tí dùùrù bá yà sí ni Hawkins náà ń yà sí, tí ó ń wá ọ̀nà mìíràn gba inú ilé kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó yí orin náà po láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ohùn kan tí mo lè yọ kúrò níbẹ̀.

Lester Young, tí òun náà ń fọn sasofóònù, tí ohùn tirẹ̀ sì tutù ju ti Hawkins lọ, gbà pé ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá fọn mọ ọ̀rọ̀ inú orin tí ó ń fọn. Ṣé ẹni tí ó pa orin tì ni yóò máa ronú báyẹn?

Mo tún fẹ́ràn èémí inú fèrè náà. Idẹ ni Adolphe Sax fi ṣe é, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Paris ní ọdún 1846, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ esùsú kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Nígbà tí Ben Webster, tí òun náà ń fọn sasofóònù, bá ń fọn orin jẹ́jẹ́, ohùn á ti tán, a ó ṣì máa gbọ́ afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti jókòó lóru pẹ̀lú ohùn yẹn, tí omi bọ́ lójú mi.

Àwọn kan ní àdáfọn máa ń gùn jù. Òótọ́ ni pé níbi àjọ̀dún jáàsì ní Newport, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1956, ìgbà 27 ni Paul Gonsalves, tí ó ń fọn sasofóònù nínú ẹgbẹ́ Duke Ellington, yí orin blues kan tí Ellington kọ po, tí àwọn èrò dìde tí wọ́n ń jó. Ṣùgbọ́n apá méjì ni orin náà ní, afárá tí ó so wọ́n pọ̀ ni Gonsalves ń fọn. Ohun tí ó fọn kò le rárá. Bí kò ṣe kúrò lórí ìlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ó gbé ènìyàn dìde. Nínú àwọn tí ń fọn sasofóònù, Charlie Parker ni ó yára jù fún mi, ó sì pẹ́ gan-an kí etí mi tó bá a.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn òǹkàwé yín ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohùn Body and Soul lẹ́nu ẹni tí ó kọ ọ́ lórin, kí wọ́n wá fi àwo Hawkins sí i, kí wọ́n sì máa kùn ún sábẹ́ ohùn bí ó ṣe ń fọn. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí ibì kankan tí méjèèjì ti já ara wọn sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olólùfẹ́ orin jáàsì