Àwọn Ìyá Tó Jókòó Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Nígbà tí mo lọ kí àwọn ará wa ní Paris, wọ́n mú mi dé Musée d'Orsay, ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ilé àwòrán. Àwòrán kan dá mi dúró níbẹ̀. Edgar Degas ló yà á, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1873. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ ijó ballet ló wà nínú rẹ̀, nínú aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Mo rò pé ijó ni n ó rí, àṣé àárẹ̀ ni. Ọ̀kan jókòó sórí dùùrù, ó ń họ ẹ̀yìn. Òmíràn ń tún irun ṣe. Olùkọ́ wọn, Jules Perrot, gbajúmọ̀ oníjó nígbà èwe rẹ̀, ti darúgbó, ó fi ọ̀pá gígùn tilẹ̀ láàárín wọn. Nílẹ̀ lẹ́bàá dùùrù, ẹ ó rí agolo tí wọ́n fi ń wọ́n omi sórí pákó, kí eruku má baà sọ, kí ẹsẹ̀ má sì yọ̀. Agolo lásán, nínú iṣẹ́ ńlá báyìí! Ẹlòmíràn ì bá ya orí ìtàgé, níbi tí iná ti ń tàn tí àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́. Yàrá ìdánrawò tó wà nínú àwòrán yìí, inú Opéra àtijọ́, ilé eré orin àti ijó ní Paris, ló wà. Oṣù kẹwàá ọdún 1873 ni ilé náà jóná, yàrá náà kò sì sí mọ́ nígbà tí Degas ń ya àwòrán yìí parí. Nínú gbogbo ohun tó lè rántí níbẹ̀, ìdánrawò ló mú.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Gòláyátì tó yọjú, Dáfídì ti bá kìnnìún jà nínú igbó, kò sí ẹni tó rí i. Bàbá rẹ̀ pàápàá kò ránṣẹ́ pè é títí Sámúẹ́lì fi béèrè (1 Sámúẹ́lì 16:11).

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ògiri, àwọn ìyá àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn oníjó Opéra ìgbà náà, ọmọ tálákà ni wọ́n, àwọn ọkùnrin olówó sì máa ń rìn gbéregbère lẹ́yìn ìtàgé láti wá wọn. Ìyá tó bá tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá, tó jókòó títí, mo gbà pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo yọjú síbi ìdánrawò àwọn ọmọ akọrin wa. Ìyá mẹ́ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ọ̀kan ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà, oorun ti gbé e lọ, àpò ìwé ọmọ rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń rí wọn níbẹ̀, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣé gan-an ni.