Nígbà Tí Ẹ̀wọ̀n Já

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Fíìmù tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ máa fi hàn ní gbọ̀ngàn wa lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yìí ni The Defiant Ones, tí Stanley Kramer darí ní 1958. Èébú àwọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì le létí, nítorí náà ẹ fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ nílé.

Ọkọ̀ tó ń kó ẹlẹ́wọ̀n ló ní jàǹbá lóru nínú òjò, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn méjì sá lọ: Cullen, aláwọ̀ dúdú, tí Sidney Poitier ṣe, àti Jackson, aláwọ̀ funfun, tí Tony Curtis ṣe. Ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo ló de ọrùn ọwọ́ àwọn méjèèjì pọ̀. Láyé ìgbà náà, òfin níbẹ̀ ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, láti ilé ìwé títí dé inú ọkọ̀. Abájọ tí wọ́n fi sọ fún àwọn tó ń lépa wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, pé àwọn méjèèjì á ti pa ara wọn kí wọ́n tó rin máìlì márùn-ún.

Wọn ò pa ara wọn. Bí ọ̀kan bá rì sódò, èkejì á bá a lọ. Nígbà tí wọ́n kó sínú kòtò amọ̀, àfi kí ọ̀kan ti èkejì lẹ́yìn kó tó lè gòkè. Ibí ni ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń dúró sí, wọ́n á ní ìyà ti sọ ọ̀tá di ọ̀rẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ máa wò ó dáadáa: lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n ṣì wọ̀yá ìjà.

Ní àgọ́ àwọn tó ń fa oje igi páìnì, àwọn èèyàn fẹ́ so wọ́n rọ̀ láìgbé wọn dé ilé ẹjọ́. Sam, òyìnbó bíi tiwọn, ló dá wọn dúró, òun náà ló sì tú àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀: àpá ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Ẹ ka Hébérù 13:3 kí ẹ tó wá.

Ilé obìnrin kan ni wọ́n ti fi òòlù já ẹ̀wọ̀n náà. Obìnrin yìí fẹ́ bá Jackson lọ, ó sì júwe ọ̀nà inú irà fún Cullen, níbi tí ẹrẹ̀ á ti gbé e mì. Jackson gbọ́. Kò sí ohun tó dè é mọ́ Cullen mọ́, ara rẹ̀ ò sì yá. Síbẹ̀ ó dìde. Ọmọ obìnrin náà yìnbọn fún un léjìká, kò padà. Ibẹ̀ ni ká dá fíìmù dúró díẹ̀ ká sọ̀rọ̀.

Ìparí rẹ̀ nira jù. Cullen ti wà lórí rélùwéè, ó na ọwọ́ sí Jackson tó ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì já bọ́. James Baldwin, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wò ó ní Harlem, àdúgbò wọn ní New York, pariwo mọ́ Poitier pé kó padà sórí rélùwéè. Mo ka ọ̀rọ̀ wọn sí gidigidi. Ẹni tí wọ́n ti ń rẹ́ jẹ látọjọ́ pípẹ́ náà ni wọ́n tún ní kó pàdánù òmìnira rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, bí ọ̀dọ́ kan bá sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.