Ẹ jẹ́ kí kòkòrò hù ná, ká tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹnì kan ti ní kí ìjọba ra PFGE, ẹ̀rọ tí a fi ń fi DNA (àkọsílẹ̀ ìran) kòkòrò àìsàn wéra, fún ilé ìwòsàn wa, ká lè mọ̀ bóyá kànga kan náà ni táífọ́ọ̀dù àdúgbò kan ti ń wá. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n mo ti lo ẹ̀rọ yẹn rí.

Wọ́n á gé DNA kòkòrò sí wẹ́wẹ́, iná á máa fa àwọn ègé náà gba inú jẹ́ẹ̀lì kọjá títí wọn ó fi tò bí ilà ojú. Èyí tí ilà wọn bá jọra, a ó fura pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Àmọ́ ẹni méjì lè kọ abàjà kan náà kí wọ́n má jọ tan rárá! Wákàtí 18 sí 20 ni jẹ́ẹ̀lì kan ń gbà, iná ò sì gbọdọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan nínú láàbù kan ní Ifẹ̀ níbí, iná lọ nígbà tó ku wákàtí mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ ò ní epo. Nígbà tí a wo jẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, ṣe ni ilà rí bàìbàì bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ pa tádàwà. A tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

MLST, ọ̀nà mìíràn tó dé ní 1998, ń ka jíìnì méje (ègé DNA) péré, nọ́ńbà sì ni èsì rẹ̀; ẹni tó wà ní Jámánì á kà á bí tiwa. Ṣùgbọ́n ní ti táífọ́ọ̀dù, ST1 tàbí ST2, ìyẹn nọ́ńbà ìran kìíní tàbí ìkejì, ló máa ń pe èyí tó pọ̀ jù. Ìyẹn ò lè tọ́ka sí kànga kankan.

Kíka gbogbo DNA náà, lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 4.8, ló tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Òun ni PulseNet ti Amẹ́ríkà, àjọṣe àwọn láàbù tó ń tọpa àìsàn inú oúnjẹ, tó ti ń lo PFGE láti 1996, gbà dípò rẹ̀ ní 2019. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò sì jìnnà sí wa: Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ni wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ ìran kòrónà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní 2020.

Kòkòrò gan-an la ò ní. Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún táífọ́ọ̀dù, là ń ṣe káàkiri, láti Ifẹ̀ dé Iléṣà: ẹ̀kán omi ẹ̀jẹ̀ lórí táìlì funfun, ó dì, wọ́n kọ 1:160 gẹ́gẹ́ bí èsì, aláìsàn ra oògùn lọ. Widal kì í mú kòkòrò jáde. Bí a ò bá fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kí oògùn tó wọra, kí kòkòrò hù níbẹ̀, kí la fẹ́ gbé lọ sí Ẹdẹ?

Ìgò yẹn àti fìrísà tí iná rẹ̀ kì í lọ, tí a ó fi tọ́jú kòkòrò náà, ni kí wọ́n fowó náà rà.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ láàbù kan, Ilé-Ifẹ̀