Ẹ má na ọmọ tí ìwé kíkà nira fún

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọmọ tó ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó ń mú kí ìwé kíkà nira, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olódo: síso ìró pọ̀ mọ́ lẹ́tà ló ń dà á láàmú. Pàṣán kò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má kọ́ ọ ní b àti d lọ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n jọra jù. Kí ó pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan, bà-tà, kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ má fipá mú un kàwé sókè lójú gbogbo kíláàsì. Ìtìjú á mú kí ó kàn máa sọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn. Nígbà ìdánwò, ẹ fi àkókò kún tirẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 25% ni wọ́n sábà máa ń fi kún un.

Ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ fi ẹnu ṣàlàyé ohun tí ẹ bá kọ fún òṣìṣẹ́ tó ní ìṣòro yìí.

Àwa olùkọ́ kan,
Ìbàdàn